Abèèrè Ọ̀nà Kì Í Ṣìnà: Bí A Ó Ṣe Yan Ibi Tí Àbúrò Wa Yóò Ti Kọ́ Ẹ̀kọ́ Orin

Kò sí ìgbà tí a lọ sílé fún ìsinmi tí àwọn àbúrò wa tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kì í bi wá pé kí ni kí àwọn kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Èyí tó fẹ́ ṣe dókítà tàbí lọ́yà, ẹnu wa gbà á. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ní orin ni òun fẹ́ kọ́, ńṣe ni a máa ń wo ojú ara wa. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún àwa tí a wà ní Nsukka níbí, nítorí ẹ̀yìnkùlé wa ni ẹ̀kọ́ náà wà.

Ibi tí a ti ń bọ̀

Láyé ijọ́un, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ orin dójú àmì, òkun ló ń kọjá. T.K.E. Phillips lọ sí Trinity College of Music ní London ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní. Akin Euba lọ síbẹ̀ ní 1952. Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí wọ́n bí ní Jos ní 1935, kọ́ ẹ̀kọ́ ní Guildhall ní London kó tó lọ sí Cambridge. Ní 1958, wọ́n rán Fẹlá Aníkúlápó-Kútì lọ sí London pé kó lọ kọ́ ìṣègùn. Orin ló lọ kọ́ ní Trinity. Ní 1961 ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Nsukka. Lónìí, ó wà ní Ifẹ̀, Èkó, Uyo, Awka àti ibòmíràn. Wàhálà àwọn bàbá wa ni pé ibi tí wọn yóò lọ kò sí nílé. Wàhálà àwọn àbúrò wa ni pé ibi tí wọn yóò mú ni wọn kò mọ̀.

Ìbéèrè márùn-ún tó yẹ ká bi wọ́n

1. Kí lo fẹ́ fi orin ṣe? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó fẹ́ máa dá orin sílẹ̀ tàbí ṣe ìwádìí, yunifásítì ló yẹ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe olùkọ́ lè gba NCE ní ọdún mẹ́ta, kó sì fi Direct Entry wọ yunifásítì lẹ́yìn náà. Politẹ́kíníìkì Ìbàdàn ń kọ́ni ní ìmọ̀-ẹ̀rọ orin. Ẹni tó jẹ́ pé kíkọ àti lílù nìkan ló wù ú lè wá dípílómà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ MUSON ní Òníkàn, Èkó.

2. Ṣé o lè ka orin? Ọ̀kan nínú wa ní àbúrò kan tó ti ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn láti kékeré. Kò sí orin tó gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí kò ní lè tẹ̀. Ó yege nínú JAMB, wọ́n sì ní kó wá fi ohun tó mọ̀ hàn. Ìwé orin ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Kò lè ka ìlà kan níbẹ̀. Ọdún kan gbáko ló fi jókòó sílé. Etí rẹ̀ kò ní àbùkù o. Àwa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni a kò tètè sọ fún un. Láti SS1 ni kó ti wá olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ ní àmì orin. Ìdánwò ABRSM, tó ní ipele mẹ́jọ, dára fún un. Kó sì mọ̀ pé kò ní lè ṣe ìdánwò lílù ti ipele kẹfà bí kò bá tíì yege nínú ìdánwò kíkà ti ipele karùn-ún, tàbí èyí tí wọ́n gbà dípò rẹ̀.

3. Kí ni wọ́n ń béèrè? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni dandan nínú JAMB, iṣẹ́ mẹ́ta ni yóò sì kún un. Mẹ́ta wọ̀nyí lè yàtọ̀ láti yunifásítì kan sí èkejì. Kó yẹ ìtọ́sọ́nà JAMB wò fúnra rẹ̀, kó má tẹ̀lé ẹnu ọ̀rẹ́. Kó tún wádìí bóyá NUC ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà níbẹ̀. NBTE ló ń mójú tó ti politẹ́kíníìkì, NCCE sì ni ti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni.

4. Ta ni yóò kọ́ ọ? Orúkọ ńlá kì í tẹ dùrù. Bí ó bá ṣe é ṣe, kó lọ síbẹ̀ kí ó tó yàn án. Kó bèèrè bóyá olùkọ́ wà fún ohun-èlò tirẹ̀ gan-an, mélòó ni dùrù tó ń ṣiṣẹ́, àti wákàtí mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ ń rí fi dánra wò. Àwọn tó wà ní ọdún kẹta ni kó bi, kì í ṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

5. Orin ta ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Èdè wa kì í gbà kí ohùn orin máa gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ́ lè di ọkọ̀ lẹ́nu akọrin. Ọ̀rọ̀ yìí ni Phillips kọ ìwé Yoruba Music lé lórí ní 1953. Ọmọ tó bá fẹ́ dá orin sílẹ̀ ní Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, ibi tó wù kó ti kàwé. Ṣùgbọ́n kó má rò pé ilẹ̀ Yorùbá nìkan ló ti lè kọ́ orin. Ẹni tó bá gbọ́ ogene àti ọ̀jà ní ilẹ̀ Ìgbò yóò padà fi etí tuntun gbọ́ dùndún ilé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí

Ìbéèrè bàbá wa kò le láti mọ̀: “Ṣé orin ni yóò máa jẹ?” Ẹ má ṣe jẹ́ ká gba àbúrò wa níyànjú pé kó purọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn fún wọn. Fẹlá ṣe tirẹ̀, ó yọrí sí rere, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni Fẹlá. Àwa tí wọ́n ti fọkàn tán ni kí a bá wọn jókòó. Kí a fi ìdáhùn ìbéèrè márààrún hàn wọ́n lórí ìwé: iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, ibi tó fẹ́ lọ, iye tí yóò ná wọn, àti ohun tí ó ti ṣe láti múra sílẹ̀. Òbí tí ilé kò rọ̀ ṣọ̀mù fún kò kórìíra orin. Ó ń bẹ̀rù kí owó má ṣòfò ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé àbúrò náà kò rí ìdáhùn kan fún ìbéèrè kìíní, kí a fi sùúrù sọ fún un pé kó máa kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó sì lọ kọ́ nǹkan mìíràn. Èyí náà kì í ṣe ìtìjú.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ yìí délé ní ìsinmi tó ń bọ̀. Ọmọ tí a tètè fọ̀nà hàn kì í rin ìrìn-àjò lẹ́ẹ̀mejì.