Kíkọ́ Ọmọ Nílé Láìpa Ọjà Tì

Òkun tó ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò ti gbé ilé-ìwé lọ pẹ̀lú ilé. Ọmọ tí kò rí kíláàsì wọ̀, ẹ jẹ́ ká máa kọ́ ọ nílé. Wákàtí kan láàárọ̀, ká tó dáná ẹja, ti tó. Àmọ́ ẹ má fi sí ọjọ́ ọjà Igbókòdá, a ò ní ráyè. Kí ó wọn edé ní kóńgò, kó kọ iye tá a tà, kó yọ owó epo ọkọ̀ kúrò. Ìyá tí kò mọ̀wé náà á mọ̀ tó bá ṣì í, ṣebí owó ẹ̀ ni! Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi kọ́ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní Ifẹ̀ ní 1970. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.