Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Pípààrọ̀ Kámúṣáàfù

Àwọn ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó ń gba èbúté Àpápá wọlé kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì Ìjọra àti Ajégúnlẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní kámúṣáàfù ni a fẹ́ wá ọ̀rọ̀-ìperí fún níhìn-ín. Àbá wa ni ọ̀pá oníkókó. Kí kíránkì sì máa jẹ́ ọ̀pá onígbọ̀nwọ́. Ẹlòmíràn lè dábàá aṣí-fáàfù. Orúkọ náà kò burú, ṣùgbọ́n ó fi ìrísí pamọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Kókó ara ọ̀pá ló ń tẹ fáàfù sílẹ̀, sípíríǹgì ló ń tì í padà. Nítorí náà, nínú ẹ́ńjìnnì tí ọ̀pá oníkókó rẹ̀ wà lókè, sípíríǹgì kan kò ní ṣàì máa ti ọ̀pá náà láti ìsàlẹ̀.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀-orúkọ lọ. Bí olùtúmọ̀ bá kọ ọ́ pé "ẹ tú bọ́ọ̀tù ìdérí lọ́kọ̀ọ̀kan", ẹni tó tẹ̀lé e yóò tú ti àkọ́kọ́ tán pátápátá kó tó kan èkejì. Apá kan ọ̀pá á gbéra, apá kejì á há; irin dídà sì ni ọ̀pọ̀ wọn, wọn kì í tẹ̀, ṣíṣẹ́ ni wọ́n ń ṣẹ́. Nínú Toyota Camry oní-lítà 2.2 ti ọdún 1992 sí 1996, àlàfo tí ọ̀pá náà ní kéré débi pé bí kò bá dúró ní ọgbọọgba nígbà tí à ń yọ ọ́, tọ́ọ̀pù-sìlíńdà fúnra rẹ̀ lè là. Dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó yẹ: ẹ dẹ gbogbo bọ́ọ̀tù díẹ̀díẹ̀, ní ìpele-ìpele, bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà ṣe tò wọ́n.

Ṣùgbọ́n dẹ̀ ní ọ̀tá kan, èyíinì ni dè. Olóhùn ìsàlẹ̀ ni méjèèjì; níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ohùn àárín ni wọ́n ń gbà, tó fi jẹ́ pé àmì abẹ́ lẹ́tà nìkan ló ya "dẹ bọ́ọ̀tù" sọ́tọ̀ kúrò lára "de bọ́ọ̀tù". Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò ní àmì náà á yí ìtọ́ni padà sí òdì kejì rẹ̀. A dábàá pé kí a pa dè tì, kí a kọ "ẹ mú bọ́ọ̀tù le". (Táìtì ni àwọn oníṣẹ́ ń sọ ní tiwọn, a kò lè bá wọn wí.)

Ó ku yí. Bí ọ̀pá onígbọ̀nwọ́ bá yí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ni ọ̀pá oníkókó ń yí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bí wọn kò bá yí pọ̀ bẹ́ẹ̀, písítìnì á lu fáàfù, fáàfù á sì wọ́. "Ẹ yí ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan" kò tó. Kí olùtúmọ̀ dárúkọ ọ̀pá tí ó ń wí.