Ẹ lọ pẹja l'Ọ̀yán, ṣùgbọ́n ẹ má wẹ̀ níbẹ̀

Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin fẹ́ lọ pẹja ní adágún Ọ̀yán, láti àárọ̀ Sátidé títí di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Ọ̀kan nínú wọn ti bá apẹja kan sọ̀rọ̀ tó máa fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa. Ìwọ̀ la máa fi pẹja. Bí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, a máa wẹ̀ létí omi. Tó bá di alẹ́, a máa yan ẹja jẹ. Ìṣòro mi ni pé n kò mọ omi wẹ̀ rárá, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ìyàwó mi ní bí mo bá lọ, òun ò ní fojú kan oorun. Ọ̀kan nínú wa tún ń sọ pé bí ẹja bá kọ̀ tí kò jẹ ìwọ̀, òun mọ ibi tí wọ́n ti ń ta gàmálìnì. Ṣé kí n lọ ni, àbí kí n wá àwáwí?
Òǹkàwé yín, Abẹ́òkúta

Àbúrò mi, lọ. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ gbáko ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹ lẹ́ni tó ń jókòó sétí omi pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Inú mi tún dùn pé Ọ̀yán lẹ yàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Abẹ́òkúta ni kò tíì débẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni omi tí wọ́n ń mu ti ń wá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ló ń bà ọ́ lẹ́rù, nígbà tó jẹ́ pé ìwẹ̀ ọ̀sán tí o kàn dárúkọ tí o sì fò kọjá ló bà mí lẹ́rù jù.

Ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lónìí, kí o sọ fún wọn pé o kò mọ omi wẹ̀. Má dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ kan bá ti wà nínú ọkọ̀. Apẹja tó ń gbé yín gbọ́dọ̀ mọ̀ pẹ̀lú, nítorí òun ló máa pinnu ibi tí wàá jókòó sí àti iye ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ lè kó lẹ́ẹ̀kan. Bí mo sì ṣe mọ àwọn ọkùnrin, ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíì wà láàárín yín tó ń retí kí ẹnì kan kọ́kọ́ la ẹnu. Kí gbogbo yín wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ de okùn rẹ̀ dáadáa. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń fi ṣe ìrọ̀rí ìdí nínú ọkọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ìdí kò lè gba ẹnikẹ́ni. Kí ẹni tó mọ omi wẹ̀ náà wọ̀ ọ́, torí àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Bí ẹja ńlá bá gbé ìwọ̀ rẹ mì, orí ìjókòó ni kí o ti fà á. Ìdìde lójijì ló ń dojú ọkọ̀ dé. Ọtí dìgbà tí ẹ bá dé ilẹ̀.

Wo ìgbà tí ẹ ń lọ pẹ̀lú. Adágún náà fẹ̀ tó 4,000 hẹ́kítà, kò sí igi tó ń dá atẹ́gùn dúró láàárín rẹ̀, nítorí náà ìjì àkọ́rọ̀ òjò oṣù Kẹta àti Kẹrin lè ru omi náà sókè kí ẹ tó padà sétí bèbè. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá, àwọn tó ń mójú tó dáàmù tí wọ́n fi sé omi náà lè ṣí ojú rẹ̀ kí omi tó pọ̀ jù lè jáde. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má lọ ju ìwọ̀ sí ìsàlẹ̀ dáàmù nígbà yẹn. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ló dára jù. Fún ìyàwó rẹ ní nọ́ńbà fóònù apẹja náà, kí o sọ wákàtí tí wàá dé fún un, kí o sì dé ní wákàtí yẹn.

Wàyí o, ìwẹ̀ ọ̀sán. Odò tó ń ṣàn ni Ọ̀yán kí wọ́n tó sé e. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí dáàmù náà ní 1983, omi ibẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ewéko sì hù sí etí rẹ̀. Irú ibẹ̀ gan-an ni ìṣáwùrú kékeré kan fẹ́ràn. Apẹja kan fi àjẹ̀ gbé ewéko sókè fún mi wò rí nínú irú omi bẹ́ẹ̀: ìṣáwùrú mẹ́ta lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé kan ṣoṣo, èyí tó tóbi jù kò ju èékánná ọmọ ìka lọ. Bí o bá gbé ṣóńṣó ìkarahun rẹ̀ sókè, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ọ, apá òsì ni ẹnu náà wà.

Inú ìṣáwùrú yìí ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń dàgbà. Bí ẹni tó ti ní àìsàn náà bá tọ̀ sódò, ẹyin kòkòrò á bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde, á pa nínú omi, ọmọ rẹ̀ á sì wọ inú ìṣáwùrú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ á tú jáde, wọ́n á máa wá ara èèyàn kiri. Ojú lásán kò lè rí wọn. Wọn ò nílò egbò kí wọ́n tó wọlé. Awọ ara tó dán mọ́rán ni wọ́n ń gún wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀sán gangan, tí oòrùn bá mú, ni wọ́n ń tú jáde jù lọ. Wákàtí tí ẹ̀yin yàn láti wẹ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe ìtàn àtijọ́ ni mò ń sọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí yunifásítì ti ń rí àìsàn yìí lára àwọn ọmọ iléèwé ní àwọn abúlé etí adágún Ọ̀yán. Ara lè kọ́kọ́ yún ọ, kó sì lọ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wàá tọ̀, ìtọ̀ náà á mọ́ níbẹ̀rẹ̀, ìkán tó kẹ́yìn á wá pupa. Ní ọ̀pọ̀ ìletò etí odò, wọ́n a máa kà á sí àmì pé ọmọkùnrin ti ń bàlágà, wọ́n a sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà tí ó bá rí i lára ara rẹ̀ máa ń rò pé obìnrin ló kó o ran òun, ojú á tì í, á lọ ra kápúsù ní kẹ́míìsì. Kápúsù yẹn kò kan kòkòrò náà rárá. Tó bá pẹ́ nínú ara, ó lè ba àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, ó sì lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Nítorí náà, ẹ wọ bàtà rọ́bà gígùn, kí ẹ jókòó sórí àpáta tàbí inú ọkọ̀ ju ìwọ̀. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹja ń jẹun dáadáa, ẹ ò sì ní pàdánù ohunkóhun bí ẹ bá fi ọ̀sán sinmi lábẹ́ igi. Ẹ gbé omi ìwẹ̀ àti omi mímu wá láti ilé. Bí omi adágún bá ta sí ọ lára, fi aṣọ ìnura nu ún kíákíá, kí o nu ún gbẹ. Kí ẹnikẹ́ni má tọ̀ sódò. Ẹja náà kò ní ewu yìí. Bó jẹ́ àrọ̀, èpìyà tàbí òbòkun lẹ rí, ẹ yan án jinná kí ẹ jẹun.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí o bi ara rẹ: ṣé o ti wẹ̀ ní Ọ̀yán rí, bóyá nígbà ọmọdé? Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ wò. Dárúkọ Ọ̀yán fún dókítà, má jẹ́ kó máa méfò. Oògùn tí wọ́n ń pè ní praziquantel ló ń pa kòkòrò náà, ìwọ̀n ara rẹ ni wọ́n sì máa fi mọ iye tí wàá lò. Kì í pa èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara, nítorí náà ẹni tó bá ṣèèṣì wọ omi lọ́sẹ̀ yìí máa ní láti dúró bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ó tó lò ó.

Ó ku gàmálìnì. Oògùn tí àwọn àgbẹ̀ máa ń fi pa kòkòrò ara kòkó tẹ́lẹ̀ ni, májèlé tó ń bá iṣan àti ọpọlọ jà. Bí ẹ bá dà á sódò, yóò pa ẹja ńlá, yóò pa ọmọ ẹja tí apẹja tó gbé yín ń retí lọ́dún tó ń bọ̀, èyí tí ẹ bá sì kó lọ sílé yóò gbé májèlé náà wọ ìkòkò ọbẹ̀. Odò Ògùn ni omi Ọ̀yán ń ṣàn wọ̀, inú Ògùn yẹn ni wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ Abẹ́òkúta àti ti Èkó. Ìyàwó rẹ tó ń ṣàníyàn nílé lè fi omi yẹn po ẹ̀kọ fún ọmọ rẹ. Sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé bó bá mú un wọ mọ́tò, ìwọ máa sọ̀ kalẹ̀, kí o sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Bí ẹja kò bá jẹ ìwọ̀ yín, ẹ ra tàwọn apẹja ibẹ̀. Owó yẹn tọ́ sí wọn.