Ọ̀bẹ Ẹja Tí Iyọ̀ Òkun Kò Ní Jẹ

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irin sípíríǹgì ọkọ̀ dára fún ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ẹran ẹja kúrò lára egungun lójú òkun? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń mú kí irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ máa tẹ̀ láìkán?

Irin sípíríǹgì máa ń gba ìpọ́n dáadáa, ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ló sì ń fi rọ àdá, àmọ́ kò yẹ fún ọ̀bẹ ojú òkun. Kí irin tó lè kọ ìpẹtà, ó kéré tán, ìdá 10.5 nínú 100 rẹ̀ ní láti jẹ́ chromium, èyí tó wà nínú sípíríǹgì kò sì tó nǹkan. Chromium ló ń pàdé ọ́síjìn tí yóò fi bo irin ní awọ fẹ́lẹ́ tí ojú kò lè rí. Iyọ̀ ni ọ̀tá awọ yìí. A máa dá a lu wẹ́wẹ́, ihò tó dà bí àmì lásán lójú a sì ti jinlẹ̀ sínú irin.

Iye chromium nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Irin tí wọ́n ń pè ní 440C ní ìdá 16 sí 18, ṣùgbọ́n carbon inú rẹ̀, tó sún mọ́ ìdá 1, ń gba lára chromium yẹn mọ́ra, ohun tó gbà kò sì lè dáàbò bo irin mọ́. AEB-L, irin abẹ ìfárùngbọ̀n, ní ìdá 13 péré, síbẹ̀ carbon rẹ̀ kéré, ẹnu rẹ̀ sì máa ń mú gidi. Irin LC200N ló ń fara da iyọ̀ jù nínú wọn, nítorí nitrogen rọ́pò púpọ̀ nínú carbon rẹ̀. Ó wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí ọ̀bẹ rẹ̀ ń sùn nínú omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ háwọ́ níbẹ̀. Owó ọ̀ṣọ́ èèkù ni kó dín kù.

Ní ti títẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé irin tí kò le ló ń tẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí irin ṣe nípọn sí ló ń pinnu rẹ̀: bí nínípọn bá dín sí ìdajì, agbára tí yóò tẹ̀ ẹ́ á dín sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Líle tí iná fún un ló ń pinnu bóyá yóò padà tọ́ tàbí yóò wọ́ síbẹ̀. Fún ẹja bíi kúta, sẹ̀ǹtímítà 18 sí 20 tó ní gígùn. Kí ẹ̀yìn ọ̀bẹ jẹ́ mìlímítà 2 nídìí èèkù, kó máa fẹ́lẹ́ lọ dé mìlímítà 1 níwájú. Ṣóńṣó rẹ̀ á máa tẹ̀ lé egungun ìhà, ìdí rẹ̀ á sì le tó láti gé ẹ̀yìn orí ẹja.

AEB-L ń fẹ́ ooru bíi 1,070 °C kó tó le. Wíwo àwọ̀ iná èédú kò tó fún èyí. Ìléru iná mànàmáná tó ní òǹwọ̀n ooru ni kí wọ́n gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tún yan án ní nǹkan bíi 180 °C, wákàtí méjì, lẹ́ẹ̀mejì, kó má baà gbẹ jù kó kán. Ẹ̀yìn èyí ni kí wọ́n tó lọ ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́, láìwọ ìbọ̀wọ́, kí ọwọ́ lè tètè mọ̀ ọ́n bó bá ti ń gbóná. Kí wọ́n máa rì í bọ omi léraléra, nítorí irin tó bá di búlúù lójú òkúta ti pàdánù líle rẹ̀. Kí wọ́n dán ara rẹ̀ dáadáa, torí ojú ìlà tí òkúta fi sílẹ̀ ni iyọ̀ ń sá sí.

Igi ń mu omi, nítorí náà G10 tàbí Micarta, àwọn ohun líle àtọwọ́dá, ló yẹ fún èèkù. Kí ojú rẹ̀ má dán, kó sì yọ díẹ̀ níwájú kí ìka má baà yọ̀ lọ sẹ́nu ọ̀bẹ. Ìṣó rẹ̀ náà ní láti jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, kí àtè épọ́sì sì dí gbogbo àlàfo. Àkọ̀ aláwọ ń pa iyọ̀ mọ́ ara ọ̀bẹ. Ti oníke tó ní ihò nísàlẹ̀ ló dára, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ọ̀bẹ, tí wọ́n sì nù ún gbẹ.