Kí Ẹ Tó Gba Iṣẹ́ Ọkọ̀ Ojú Irin Orí Kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń gba èèyàn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò ní owó oṣù, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀gá, ó ní ìdánwò, ó ní ipò àti ìgbéga, ó sì ní ìwé ìkìlọ̀ fún ẹni tó bá pẹ́ dé. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni. Inú kọ̀ǹpútà nìkan ni ọkọ̀ náà wà, àmọ́ àwọn tó ń wà á kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹnì kan lè jókòó sí Ìbàdàn kó máa wa ẹ̀ńjìnnì mẹ́rin tó so ọgọ́rùn-ún wágọ́nù mọ́ra, tó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Cajon ní California. Ẹlòmíì tó wà ní Ohio ni dispatcher, ìyẹn ẹni tó ń pinnu ọkọ̀ tí yóò kọ́kọ́ kọjá àti èyí tí yóò dúró dè é. Ẹnì kẹta lè wà ní ìlú ọba, kó máa to wágọ́nù pọ̀ ní ọgbà reluwé Barstow. Gbogbo wọn ń gbọ́ ohùn ara wọn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò iṣẹ́.

Run8 ni géèmù tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Microsoft gbé Train Simulator tirẹ̀ jáde ní ọdún 2001, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà sì fi í sílẹ̀, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kọ Open Rails, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Trainz wá láti Australia ní nǹkan bí àkókò kan náà. Dovetail Games, tó ní Train Simulator tirẹ̀ lọ́tọ̀, wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. SimSig kò ní ọkọ̀ tí ẹ máa wà rárá: iná àmì àwọn ojú irin Bírítéènì lẹ máa ń darí níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ní tiwọn lórí Roblox, Stepford County Railway, níbi tí ọmọ ti lè jẹ́ awakọ̀, kó jẹ́ ẹni tó ń darí iná àmì, tàbí ẹni tó ń yọ̀ǹda ọkọ̀ ní téṣàn. Kì í ṣe ẹni tó ń dá wa ọkọ̀ rẹ̀ ní yàrá ni mò ń kìlọ̀ fún. Ẹgbẹ́ ni mò ń bá wí, àwọn tó kó ara wọn jọ tí wọ́n ní àwọn jẹ́ ilé iṣẹ́ reluwé.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Àwọn kan máa ń fi irú eré yìí ṣẹ̀sín pé àgbàlagbà ń ṣeré ọmọdé, àmọ́ ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Ẹ wo òkè Cajon yẹn. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ bíréèkì ọkọ̀ ojú irin. Tí afẹ́fẹ́ inú páìpù bá dín kù, bíréèkì á mú. Tí awakọ̀ bá tú u sílẹ̀, ó gba àkókò kí afẹ́fẹ́ tó kún padà. Awakọ̀ tó bá ń tẹ̀ ẹ́, tó ń tú u, tó tún ń tẹ̀ ẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ máa bá a níkẹyìn pé kò sí afẹ́fẹ́ mọ́. Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó fi orí òkè sílẹ̀ ló ti yẹ kí awakọ̀ mọ bí ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe wúwo tó. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ọdún 1989, ọkọ̀ ẹrù Southern Pacific kan tó ru ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n ń pè ní trona sọ̀kalẹ̀ láti òkè náà. Akọ̀wé tó kọ ìwé ẹrù ti fojú bu ìwọ̀n rẹ̀, ó sì bù ú kéré gan-an. Bíréèkì àwọn ẹ̀ńjìnnì kan nínú rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Eré ọkọ̀ náà ti ju 160 kìlómítà ní wákàtí kan lọ kó tó fò kúrò lórí irin ní ìlú San Bernardino, tó wó lu àwọn ilé tó wà ní òpópónà Duffy. Èèyàn mẹ́rin kú. Lẹ́yìn ọjọ́ 13, páìpù epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ bẹ́, iná sọ, èèyàn méjì mìíràn tún kú.

Ẹgbẹ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe máa fi irú ìtàn yìí kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, á sì jẹ́ kó mọ ìdí tí ìwé òfin iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ reluwé Amẹ́ríkà ń lò, GCOR, fi sọ pé níbi tí wọ́n bá ti ní kí ọkọ̀ máa rọra lọ, kó lè dúró láàárín ìdajì ibi tí ojú awakọ̀ ríran dé, kó má sì ju 20 máìlì ní wákàtí kan lọ. Ikú ló kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ gidi ní irú òfin yìí. Nínú ẹgbẹ́ orí kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń fi òfin náà jẹ yín níyà lè jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ó sì lè jẹ́ àgbàlagbà tí kò rí ẹni jọba lé lórí nílé ara rẹ̀. Ọ̀wọ̀ tó yẹ kí ẹ fún òfin, ẹ má ṣe fún ẹni tó kàn dì í mú lọ́wọ́. Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí nìyẹn, torí ibẹ̀ ni ìyọnu tó kù ti ń wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ àkókò. Aago mẹ́jọ alẹ́ ní New York ni aago kan òru ní Èkó. Tó bá di ìgbà òtútù tí wọ́n dá aago wọn padà, ó di aago méjì. Ẹgbẹ́ tó bá sọ ìrọ̀lẹ́ Amẹ́ríkà di àkókò ìwọṣẹ́ ti gba oorun ẹni tó wà nílé wa nìyẹn, yàtọ̀ sí epo jẹnẹrétọ̀ àti dátà. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú irin ju wákàtí 12 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí mẹ́wàá ó kéré tán kó tó padà wá. Òṣìṣẹ́ gidi ní òfin tó ní kó lọ sùn. Ta ló máa sọ fún òṣìṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà pé ilẹ̀ ti ṣú? Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè iye ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ wọṣẹ́ lóṣù, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí iná bá lọ. Ẹgbẹ́ tí kò bá gbà pé iná lè lọ kò wà fún yín.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ la ojú jù ni ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí, pàápàá jù lọ ní àsìkò tí jápa ti gba gbogbo ọkàn yìí. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ìwé pélébé kan pé ó ti di awakọ̀ onípò kìíní. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, eré ni. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ìwé yẹn máa gba iṣẹ́ fún yín ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, pé òun mọ ẹnì kan ní ilé iṣẹ́ reluwé, pé kí ẹ san owó físà tàbí owó àyẹ̀wò sọ́wọ́ òun, olè ni. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ kúrò níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ reluwé tó gba awakọ̀ ló ń fún un ní ìwé ẹ̀rí lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, lẹ́yìn tó bá ti yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò, tó sì ti dán ìmọ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ wò. Kò sí ọ̀nà tí géèmù fi lè gba ipò ìyẹn. Nílé níbí pàápàá, ohun tí ẹ kọ́ nínú géèmù Amẹ́ríkà kò bá tiwa mu tán: fífẹ̀ ojú irin àtijọ́ wa jẹ́ mìlímítà 1,067, tí irin tuntun tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn sì jẹ́ 1,435. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Amẹ́ríkà náà jẹ́ 1,435, àmì wọn àti òfin wọn yàtọ̀ sí tiwa pátápátá.

Lórí owó, mi ò ní pẹ́. Géèmù gan-an lè má wọ́n. Ọ̀nà, ẹ̀ńjìnnì àti wágọ́nù tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gba owó lọ, nítorí ẹni tó bá fẹ́ ra gbogbo èyí tí Dovetail kó sórí àtẹ fún Train Simulator á ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ẹ béèrè èyí tí ẹgbẹ́ náà sọ di dandan. Owó ẹgbẹ́ tó bá ń lọ sínú àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo, tí kò sẹ́ni tó ń ka ìṣirò rẹ̀ fún ẹgbẹ́, ẹ fi sílẹ̀.

Fáìlì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń ní kí ọmọ ẹgbẹ́ gba àkójọ kan sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, àwọn kan á tún ní kó pa ohun tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì ná kí fáìlì náà lè wọlé. Ẹ má pa á. Ní oṣù kejì ọdún 2018, àṣírí tú pé Flight Sim Labs, tó ń ta ọkọ̀ òfúrufú fún irú eré kan náà, ti fi ohun kan sínú fáìlì ọkọ̀ A320 rẹ̀ tó lè kó ọ̀rọ̀ aṣínà tí èèyàn fi pa mọ́ sínú Chrome. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn tó ń lo nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n jí ni àwọn ń dọdẹ, ó tọrọ àforíjì, ó sì yọ ọ́ kúrò. Ẹ rántí pé ilé iṣẹ́ tó ní orúkọ, tó ní oníbàárà, ló ṣe bẹ́ẹ̀ o. Àlejò tí ẹ kò mọ̀ ju orúkọ ìnagijẹ lọ ńkọ́? Tó bá ṣeé ṣe, ẹ má ṣe fi kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń wọ báńkì wa ọkọ̀ ojú irin.

Ẹ̀yin òbí, ìgbéga ni kí ẹ máa ṣọ́. Ọmọ tó nífẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú irin lè ṣe ohunkóhun kí wọ́n lè sọ ọ́ di dispatcher, ẹni burúkú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò pe ọmọ sí ìkọ̀kọ̀, á ní òun máa fún un ní ìdánwò lọ́tọ̀, á ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tó dára máa ń ṣe ìdánwò ní gbangba. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò gbọ́dọ̀ sí lórí Discord, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti ń sọ̀rọ̀. Òfin Discord fúnra rẹ̀ ni. Fún èyí tó ti pé, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wà ní pálọ̀, kí ohùn sì máa jáde síta, kó má jẹ́ etí ọmọ nìkan ló ń gbọ́ ọ.

Ó wá ku ojú irin gidi. Àwọn òṣìṣẹ́ reluwé gan-an wà nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, ìyẹn sì wà lára adùn wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ̀wé sí wọn nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, ọkọ̀ èrò Metrolink kan kọjá iná pupa ní Chatsworth, ní Los Angeles, ó sì forí sọ ọkọ̀ ẹrù Union Pacific. Èèyàn 25 kú, awakọ̀ Metrolink náà wà lára wọn. Àwọn tó ṣèwádìí rí i pé òun àti ọ̀dọ́ kan tó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin ló ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn kò pé ìdajì ìṣẹ́jú ṣáájú ìkọlù náà. Ó tiẹ̀ ti ń ṣètò láti jẹ́ kí ọ̀dọ́ náà wa ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀dọ́ náà kò ní èrò ibi kankan. Ìfẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló wà lọ́kàn àwọn méjèèjì. Kò pẹ́ rárá tí ìjọba fi ka lílo fóònù léèwọ̀ fún awakọ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Rédíò náà ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ti mọ́ èdè iṣẹ́ lè máa rò pé òun lè dá sí ọ̀rọ̀ lórí rédíò reluwé gidi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn kan fi rédíò rán àmì ìdádúró sí ojú irin ní Poland, nǹkan bí ogún ọkọ̀ sì dúró gbọnrangandan. Ọlọ́pàá mú èèyàn méjì. Ẹ lè gbọ́ rédíò níbi tí òfin ìlú yín bá ti gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má ṣe sọ ohunkóhun sí i.

Ẹ má sì lọ dúró sáàárín irin láti ya fọ́tò tàbí láti gba ohùn ẹ̀ńjìnnì sílẹ̀ fún ẹgbẹ́, ì báà jẹ́ Agége, ì báà jẹ́ Chicago. Ó lé ní 400 èèyàn tí ọkọ̀ ojú irin ń pa lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà nítorí pé wọ́n rìn sí ibi tí wọn kò láṣẹ láti wà. Ọkọ̀ ẹrù tó kún lè rìn tó máìlì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti tẹ bíréèkì. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Amẹ́ríkà, pátákó aláwọ̀ búlúù kékeré kan wà ní ibi tí títì bá ti gba orí irin kọjá. Nọ́ńbà fóònù wà lára rẹ̀, nọ́ńbà ìdámọ̀ ibẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Tí mọ́tò bá kú sórí irin, ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé kí wọ́n bá yín wá ẹni tó mọ ẹnì kan. Ẹ kó gbogbo èèyàn jáde nínú mọ́tò, ẹ jìnnà sí irin, kí ẹ tó pe nọ́ńbà yẹn. Tí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀, ẹ sá kúrò lórí irin kí ẹ sì dorí kọ apá ibi tí ó ti ń bọ̀, torí pé apá kejì ni àfọ́kù mọ́tò máa ń fò sí.