Omi tó pọ́n bí àgbo ní Ingleton

ÌBÉÈRÈ

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ wa méjèèjì àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n wá kí wa láti Ìléṣà, a wakọ̀ láti Leeds lọ sí Ingleton, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń rìn gba àfonífojì tóóró inú igbó lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta. Ibẹ̀ rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ omi náà kó wa lóminú. Ó pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ìfófòó sì kún gbogbo kọ̀rọ̀ odò, àfi bí ẹni pé ẹnìkan ń fọṣọ lókè. Bẹ́ẹ̀, nínú fọ́tò tí ọ̀rẹ́ mi yà níbẹ̀ lóṣù karùn-ún, omi náà mọ́ gaara. Ọkọ mi ní ìdọ̀tí ni wọ́n ń dà sí i láti ibì kan. Màmá ní omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà tí àwọn mọ̀ láti kékeré kì í rí báyìí, wọ́n ní, "Omi yìí ṣe wá dà bí omi àgbo?" Wọn ò jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án títí a fi délé. Ṣé ìdọ̀tí ni lóòótọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi sọ ìdí tí wọ́n fi kan owó wẹ́wẹ́ mọ́ ìtí igi lójú ọ̀nà yẹn.

Òǹkàwé yín, Leeds

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹ kú ìrìn náà, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Rárá, ìdọ̀tí kọ́ ló pa omi yẹn láró. Ewéko ni. Ẹ bá mi kí Màmá dáadáa, nítorí wọ́n ti dáhùn ìbéèrè yìí lẹ́sẹ̀ odò kí ẹ tó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Omi àgbo ni, àgbo tí òkè rẹ láìdáná.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ, ohun tó rú yín lójú ni pé omi tí ọ̀rẹ́ yín bá ní mímọ́ lóṣù karùn-ún ni ẹ̀yin bá ní pípọ́n lóṣù kẹwàá, tó sì tún ń hó. Nílé wa, bí odò bá pọ́n, ẹrẹ̀ ni a mọ̀ sí i. Bí omi bá ń hó, ọṣẹ ni. Ẹni tó bá fi ojú yẹn wo odò Ingleton kò ṣìṣe rárá, ohun tó mọ̀ ló fi wọn ohun tó rí. Ilẹ̀ tí odò yìí ti ń ṣàn bọ̀ ni kò jọ tiwa.

Odò kì í bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú wa ti kọ́kọ́ rí i. Méjì ni odò tí ẹ rìn tọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gòkè lẹ́bàá Twiss, ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá Doe, àwọn méjèèjì wá pàdé nínú ìlú Ingleton, wọ́n di odò Greta. Ọ̀nà ẹsẹ̀ náà tó kìlómítà méje, láti ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1885 ni wọ́n sì ti ṣí i fún àwọn èrò. Ṣùgbọ́n gbogbo igbó tí ẹ gbà kọjá, ìsàlẹ̀ odò ni. Twiss ń bọ̀ láti àfonífojì Kingsdale, láàárín òkè Whernside àti òkè Gragareth. Doe ń bọ̀ láti Chapel-le-Dale, láàárín Whernside kan náà àti Ingleborough. Whernside ga ní mítà 736, Ingleborough ga ní mítà 723. Ẹni tó bá gun èyíkéyìí nínú wọn yóò rí i pé igi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lókè níbẹ̀. Koríko ni, àti ewéko kéékèèké kan tó rọ̀ bíi fóòmù tó ti mu omi yó, àti ilẹ̀ dúdú tó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Ilẹ̀ dúdú yẹn ni wọ́n ń pè ní peat.

Peat kì í ṣe erùpẹ̀. Ewéko tó kú tí kò jẹrà tán ni. Òtútù pọ̀ lókè níbẹ̀, òjò sì ń rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, omi kì í sì í tètè gbẹ lórí ilẹ̀ náà. Bí ewéko bá kú, omi á bò ó mọ́lẹ̀, atẹ́gùn kò ní ráàyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn kòkòrò tíntìntín tó yẹ kó jẹ ẹ́ kò sì ní lè ṣiṣẹ́ wọn. Èyí tó tún hù lé e lórí á kú, á bò ó. Bí ó ṣe ń ga nìyẹn, nǹkan bíi mìlímítà kan lọ́dún. Níbi tí ó bá ti jìn tó mítà kan, ewéko ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Ẹ wá fi ìyẹn wé igbó Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ewé tó bá já lẹ́bàá Olúmirìn lónìí, kí ọdún tó yípo, ikán, ọ̀kùn, olú àti ooru ti sọ ọ́ di ilẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹ́kù tí omi yóò rẹ. Ìdí nìyẹn tí omi tí Màmá mọ̀ fi ń mọ́ gaara ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì jẹ́ pé bí òjò bá mú kí ó pọ́n, ẹrẹ̀ tí àgbàrá kó wá ni.

Níbi àgbo gan-an ni kí a ti mú un. Bí ẹ bá kó ewé, èèpo àti egbò sínú ìkòkò, tí ẹ bu omi tútù lé e, láàárín ọjọ́ méjì omi náà á ti yí àwọ̀ padà. Kò sí ẹni tó da erùpẹ̀ sí i. Oje inú ewé ló jáde sínú omi. Ohun tí òjò ń ṣe lórí Whernside nìyẹn: ó ń wọnú peat, ó ń fa oje ewéko àtijọ́ jáde, ó sì ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá yín. Irú omi báyìí wà níbi púpọ̀ láyé. Odò ńlá kan wà ní Brazil, Rio Negro, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ Odò Dúdú. Oje ewéko ló fún un ní àwọ̀ náà.

Bí ọkọ yín kò bá tíì gbà, ẹ má bá wọn jiyàn. Ìgò funfun kan ti tó. Ẹ bu omi náà sínú rẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní mì í títí di ọjọ́ kejì. Omi ẹrẹ̀ á tòrò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sì jókòó sísàlẹ̀. Omi peat kò ní tòrò ju bí ó ṣe wà lọ. Ẹ lè gbé e sójú fèrèsé kí ẹ ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n pípọ́n ni yóò ṣì pọ́n, bí ìgò àgbo ṣe ń rí. Ó lè jẹ́ pé ẹ máa rí iyanrìn díẹ̀ nísàlẹ̀, pàápàá bí odò bá kún lọ́jọ́ tí ẹ bu ú. Ìyẹn kò yí ọ̀rọ̀ padà.

Ní ti fọ́tò ọ̀rẹ́ yín, kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Lásìkò tí òjò kò bá rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ìwọ̀nba omi tó ń wá tààrà láti orí peat kò tó nǹkan. Èyí tó pọ̀ jù nínú odò á jẹ́ omi abẹ́ ilẹ̀, tó ti pẹ́ nínú òkúta ẹfun, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ihò pọ̀ nínú òkúta náà ní Kingsdale débi pé ojú odò òkè máa ń gbẹ nígbà mìíràn, tí omi á gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, tí á sì tún rú jáde nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní Keld Head. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ yín rí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà ooru, ojú peat ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn ń wọ inú rẹ̀, ó ń jẹrà díẹ̀, oje rẹ̀ sì ń tú sílẹ̀ láìsí òjò tí yóò gbé e lọ. Nígbà tí òjò ńlá ìgbà ìwọ́wé bá wá dé lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ ló máa ń kó jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ti pọn omi sórí àgbo rí mọ̀ pé omi àkọ́kọ́ ló máa ń ki jù. Ẹ̀yin lọ lásìkò omi àkọ́kọ́.

Ìfófòó ńkọ́? Ẹ rántí bí a ṣe ń fọ ewúro. A kì í fi ọṣẹ sí i, síbẹ̀ ìfófòó rẹ̀ á kún ọpọ́n. Oje inú ewé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá fi ọwọ́ bó o nínú omi. Lórí odò Twiss, àpáta ló ń bó o. Omi á já láti òkè, á kó atẹ́gùn wọlé, oje náà kò sì ní jẹ́ kí ìfófòó náà tètè bẹ́. Yóò wá lọ máa yípo ní kọ̀rọ̀ tí omi kò ti le. Àwọ̀ ìfófòó bẹ́ẹ̀ máa ń jọ ti ògì bàbà, kò sì ní òórùn kankan ju ti ilẹ̀ tútù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí kí n gbè lẹ́yìn ọkọ yín díẹ̀. Wọn ò sọ ìsọkúsọ. Ní England níbí, omi ìgbẹ́ máa ń wọ odò níbi púpọ̀, ó sì yẹ kí èèyàn máa ṣọ́ ọ. Bí ẹ bá rí odò tó pa àwọ̀ eérú, tó ń rùn, tí ohun kan bí irun eléérú lẹ̀ mọ́ òkúta inú rẹ̀, tàbí ìfófòó funfun tó ń ta sánsán bí ọṣẹ nítòsí ẹnu páìpù, ẹ pe Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àyíká. Àmì rere náà wà. Ẹyẹ kékeré kan wà lẹ́bàá Twiss, ó sanra bíi bọ́ọ̀lù, ara rẹ̀ ṣú, àyà rẹ̀ funfun, ó sì máa ń tẹ orí ba léraléra lórí òkúta kí ó tó rì wọnú omi láti wá oúnjẹ. Dipper ni wọ́n ń pè é. Ìdin àwọn kòkòrò tí kò lè gbé inú omi tó bàjẹ́ ló máa ń jẹ. Níbi tí ó bá ti ń jẹun, ọkàn mi máa ń balẹ̀.

Nítorí náà, àwọn ọmọ lè fọwọ́ kan omi náà. Kí wọ́n ṣáà fọ ọwọ́ wọn kí wọ́n tó jẹ sáńwíìṣì, nítorí àgùntàn ń jẹko lórí gbogbo òkè yẹn, wọ́n sì ń yàgbẹ́ síbẹ̀. Ìdí kan náà ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu ún. Omi ẹ̀rọ tó wá láti irú òkè bẹ́ẹ̀ pàápàá, ilé-iṣẹ́ omi máa ń kọ́kọ́ yọ àwọ̀ peat kúrò nínú rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ṣiṣẹ́ bí álọ́ọ̀mù tí a ń fi sómi kànga nílé.

Ohun tí ó yẹ kó bà yín lẹ́rù nínú omi pípọ́n yàtọ̀ sí èyí tí ó bà yín lẹ́rù. Èyí ló jẹ mí lógún jù nínú lẹ́tà yín. Bí omi bá pọ́n báyẹn, òjò ti rọ̀ lókè nìyẹn, odò ti lágbára, ó sì lè máa kún sí i nígbà tí oòrùn ń ràn lórí yín nínú igbó. Ẹ kò ní rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kòtò tó jìn ju àgbàlagbà lọ àti ibi tí kò kọjá kókósẹ̀, bákan náà ni wọ́n máa ń rí lójú. Òkúta etí rẹ̀ ń yọ̀, òtútù inú rẹ̀ sì lè gba èémí lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ di ọwọ́ àwọn ọmọ mú ṣinṣin lórí àtẹ̀gùn tó wà lẹ́bàá omi Pecca tó ń já lórí Twiss, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀ kalẹ̀ sínú omi lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Màmá kò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn. Wọ́n ṣe ohun tó tọ́.

Owó tí ẹ rí lára ìtí igi, àwọn tó ń kọjá ló ń fi òkúta gbá a wọlé, kí wọ́n lè fi tọrọ ohun rere. Àṣà tó ti pẹ́ ni níbí. Kì í ṣe dandan, kò sì sí ohun tó máa ṣe yín bí ẹ kò bá kàn án. Èmi kì í kàn án, nítorí igi náà.

Ẹ tún lọ, bí ààyè bá yọ. Bí ẹ bá fẹ́ omi tó mọ́ bíi ti fọ́tò, ẹ lọ lóṣù karùn-ún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tí òjò kò rọ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, Thornton Force, omi tó ń já láti orí àpáta lórí odò Twiss, kì í dára tó bí ó ṣe ń dára nígbà tí ó bá pọ́n. Mítà 14 ni ó fi ń já. Níbi tí atẹ́gùn ti kún inú rẹ̀, ó máa ń funfun bí òwú; ṣùgbọ́n ní etí àpáta gan-an, níbi tí omi ti fẹ́lẹ́ kí ó tó já, bí oòrùn bá gba inú rẹ̀ kọjá, àwọ̀ oyin ni ẹ máa rí. Bí Màmá bá ṣì wà lọ́dọ̀ yín nígbà náà, ẹ bá wọn mú ìgò méjì dání, kí wọ́n bu ti Twiss sínú ọ̀kan, ti Doe sínú èkejì. Ẹ kọ̀wé sí mi bí ẹ bá délé. Mo fẹ́ gbọ́ èyí tó ki jù.