Ìdíje Ìbọn Ṣakabùlà: Ibo Ni Ọta Yóò Dúró Sí?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdẹ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Àwa ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ fẹ́ máa gbé àmì kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí a yìnbọn sí i, kí a mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. A fẹ́ kí àṣekágbá bọ́ sí ọjọ́ ọdún Ojúde Ọba. A gbọ́ pé àwọn òyìnbó ń yin ìbọn ẹlẹ́tù dé 1,000 yáàdì. Báwo ni kí a ṣe ṣètò tiwa?
*Ọmọ Ọdẹ, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀*

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, inú mi dùn sí yín. Òótọ́ lẹ gbọ́. Ní 1874, ní Creedmoor nítòsí New York, Ireland àti Amẹ́ríkà díje ní 800, 900 àti 1,000 yáàdì. Amẹ́ríkà fi máàkì 934 borí 931. Ìbọn tí à ń ki láti ẹnu ni ti àwọn ará Ireland. Ṣùgbọ́n ihò ìbọn wọn ní ìlà tó lọ́ yípo nínú, èyí tó ń mú ọta yí bó ti ń lọ, kó má baà yẹ̀. Ṣakabùlà wa kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Nínú ìdíje àgbáyé lónìí, 50 mítà ni wọ́n ń gbé àmì sí fún ìbọn ogun àtijọ́ tí inú rẹ̀ dán bíi tiwa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní mítà 25, ẹ má kọjá 50.

Kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ wá ibi tí ọta yóò dúró sí. Òkìtì erùpẹ̀ gíga ni kó wà lẹ́yìn àmì, kì í ṣe igbó tí ẹ rò pé kò séèyàn níbẹ̀. Ọta tó tàsé kò mọ oko olóko. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ rí olórí ọdẹ, ààfin Ajalọ́run, ọba yín, àti ọlọ́pàá. Òfin Ìbọn ti 1959 kò yọ ìbọn ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ bá yín díje.

Ẹ̀tù kórìíra ọ̀rinrin, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, kí ẹ parí ní oṣù Kẹta. Nígbà ọyẹ́, ẹ ro koríko iwájú ibi tí ẹ dúró sí mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì pọn omi sítòsí: àkísà tí a fi dí ẹ̀tù lè máa jó nígbà tó bá já bọ́ sílẹ̀.

Ojúde Ọba kò bá ètò yìí mu. Ọjọ́ kẹta Ìléyá ni, Ìléyá sì ń fi bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ lọ́dọọdún. Àsìkò òjò ló ń bọ́ sí báyìí. Yàtọ̀ sí èyí, ìbọn tí àwọn ilé Balógun ń yìn níbẹ̀, ti ayẹyẹ ni, láàárín èrò. Ọta kò gbọdọ̀ débẹ̀ láéláé.

Bí ẹ bá ń yìn, ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa yìn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ìwọ̀n kan náà wọn ẹ̀tù, kí àgbá ẹ̀tù jìnnà. Ẹ fi àkísà tútù nu inú ìbọn kí ẹ tó tún un ki, torí iná lè ṣẹ́ kù níbẹ̀. Bí ìbọn bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ṣì kọjú sí àmì fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Ẹ má yọjú wò ó. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi epo pa á.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ má yìnbọn rárá. Kí àgbà ọdẹ yẹ ìbọn kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó bá ti dógùn-ún tàbí tó sán, ẹ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ, kí ẹni tó ni ín máa ka máàkì fún ẹgbẹ́ títí ìbọn náà yóò fi dé.